Ẹ ṣọ́ra o! Irin àlòkù tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni wọ́n tà fún mi ní ọ̀pá ìbọn carbon fiber

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń rò ó bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n dákẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́, kí ẹlòmíì má bàa kó sọ́wọ́ ọkùnrin tó tà á fún mi.

Ìbọn tí mo fi ń lé àwọn ẹranko kéékèèké tó ń ba irè oko jẹ́ ni mo fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀. Irú ọta tí wọ́n ń pè ní .22-250 ló ń yìn. Ẹni tó bá ń lò ó mọ̀ pé ọta rẹ̀ kéré, ẹ̀tù ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ̀, kì í pẹ́ jẹ ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi pé: “Irin tó nípọn ni kó o rà. Ìwọ tó ò ń yin ogún, ọgbọ̀n ọta lórí ìjókòó kan, irin ló lè gba ooru yẹn sára.” Mi ò gbọ́. Ó ti sú mi láti máa gbé ìbọn wúwo káàkiri pápá, ẹ̀yìn ń dùn mí, carbon fiber, ìyẹn okùn dúdú tín-ínrín tí wọ́n fi ń wé ọ̀pá ìbọn, sì fúyẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú kéèyàn fẹ́ ohun tó fúyẹ́!

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kó owó yẹn jọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Mo dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò náà, ó gbé ọ̀pá dúdú kan jáde, ó ń dán, híhun carbon hàn lára rẹ̀ bí ẹní. Ó ní tuntun ni, pé ẹnikẹ́ni ò tíì yìn ín rí, pé carbon kì í gbóná rárá. Mo gbé e, mo ní, “Ọ̀gá, èyí mà wúwo o.” Ó ní èyí tó nípọn ni, pé òun gan-an ló dára jù. Ọkàn mi sọ fún mi pé nǹkan ò tọ́. Mo ṣì ka owó fún un. Mo dúró níbẹ̀, mo ka owó náà fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara mi!

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yìn ín, ní mítà 100, ọta 5 tú ká lójú pátákó bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀. Mo rò pé èmi ni mi ò dì í mú dáadáa. Mo tún awò ìbọn dè, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọta kejìlá, òórùn ọ̀rá tó ń jóná gba imú mi. Lẹ́bàá ẹnu ìbọn, carbon tí mo rà ti wú bí awọ ara tí omi gbígbóná bó. Mo jẹ́ kó tutù, mo fi èékánná họ ọ́, ó sì ṣí kúrò. Ọ̀rá ni! Ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán carbon sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin! Ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ha àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kúrò. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn jókòó, ó fara balẹ̀ ṣe é. Kì í ṣe àṣìṣe.

Alágbẹ̀dẹ ìbọn ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀. Ọ̀fun ọ̀pá náà, níbi tí ọta ti ń kọ́kọ́ wọnú àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀, ti sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Ọ̀pá tó ti gbó ni.

Mo pe oníṣòwò náà. Ó ní mo ti yìn ín, òun ò lè gbà á padà. Mo ní báwo ni ǹ bá ṣe mọ̀ tí mi ò bá yìn ín? Ó pa fóònù. Olè ni! Ní báyìí, mi ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́, ì báà ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọdún pípẹ́.

Irọ́ mìíràn tó pa ni pé carbon kì í gbóná. Ó ń gbóná! Irin tín-ínrín ló wà nínú ojúlówó, òde rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi carbon àti gọ́ọ̀mù líle wé. Ooru kì í tètè la carbon yẹn jáde, nítorí náà ẹ lè fọwọ́ kàn án kó lọ́wọ́ọ́rọ́, kí inú sì ti gbóná janjan. Ẹni tó bá ń yìn ín léraléra bíi tèmi, irin tó nípọn ló yẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ̀nà.

Ẹ gbé ọ̀pá náà sórí òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó sanwó: ojúlówó carbon sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 1.3, irin tó nípọn lè lé ní kílò 2.3. Ẹ mú òòfà dání. Á lẹ̀ mọ́ irin gírígírí, ṣùgbọ́n lórí carbon tó nípọn láàárín ọ̀pá, díẹ̀ ni á fà. Ẹ ní kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú rẹ̀ lójú yín. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò wọ̀n ọ́n. Mo ti bi ara mi.

Ẹni tó bá ra irú ọ̀pá dúdú bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, ẹ lọ wo etí rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ìbọn lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá èékánná yín á wọ abẹ́ rẹ̀.