Dókítà tí ó gbé A Study in Scarlet ró

Ọwọ́ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù ní Sábó, ní Ìkòròdú, ni mo ti ra A Study in Scarlet, ìtàn ìpànìyàn tí Arthur Conan Doyle kọ, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1887. Inú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé wa láti Ìpakodò lọ sí Èkó ní àárọ̀ ni mo ti kà á.

Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn náà, ni gbogbo ayé ń kókìkí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Watson, dókítà tí ń sọ ìtàn náà, ni ó gbé e ró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Afghanistan dé sí Lọ́ńdọ̀nù ni, ìbọn ti bà á léjìká, owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó bá gbà láti bá Holmes jọ háyà ilé. Ohun tí ó bá rí ni àwa náà ń rí, ohun tí kò bá sì yé e, òun ni ó ń bá wa béèrè. Wọ́n bá òkú ọkùnrin kan nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára òkú náà. Lára ògiri, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ RACHE. Lestrade, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá, ní orúkọ obìnrin, Rachel, ni wọn kò rí kọ parí. Holmes ní èdè Jámánì ni, ẹ̀san ni ó túmọ̀ sí. Gregson, ọlọ́pàá kejì, tilẹ̀ ti lọ mú aláìṣẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ń jowú ara wọn bí orogún.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí Watson gbé ọwọ́ lé àyà apànìyàn náà, tí ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ti wú, kò sì ní pẹ́ bẹ́. Ó dùn mí pé Conan Doyle, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kò fún un ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i.

Àbùkù ìwé náà kò kéré. Nígbà tí ara wa ti ń gbóná, òǹkọ̀wé fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ó kó wa lọ sí Utah ní Amẹ́ríkà fún odindi orí márùn-ún. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa nínú Àjà Ló Lẹrù. Holmes tún tẹ wáyà kan sí Cleveland, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, láìsọ fún Watson ohun tí ó béèrè, kí àwa òǹkàwé má baà lè dá ọ̀daràn náà mọ̀ fúnra wa.

Ẹ yẹ ojú ewé wò kí ẹ tó sanwó o. Ewé méjì ni ó ti já nínú tèmi.