Ìlọrin sí Èkó, Ìlọrin sí Àbújá: èwo ló tó owó báàlù?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì báàlù ní Ìlọrin, Èkó tàbí Àbújá ni ọ̀pọ̀ yín ń lọ. Tèmi ni pé owó tí ẹ bá san dé Àbújá ṣiṣẹ́ ju èyí tí ẹ san dé Èkó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò tí ẹ máa lò lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Lófurufú, Ìlọrin sí Èkó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 245, Àbújá sì tó 310. Báàlù ń lo bí ìṣẹ́jú 40 sí 45 dé Ìkẹjà, ó lè lo 50 tàbí kó lé díẹ̀ dé Àbújá. Ẹlòmíì á ní ṣebí báàlù ńlá ń sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan, kí ló wá ń ṣe lọ́nà? Kò tíì gòkè tán tó ti ní láti máa múra àtisọ̀kalẹ̀, eré gidi yẹn kì í pẹ́ rárá. Wákàtí kan lẹ máa sábà rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ka ìgbà tó ń yí lórí ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, ó tó kìlómítà 300 dé Èkó, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, bí ẹ ò bá há sẹ́yìn tírélà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ẹ wá ṣírò ti báàlù láti ẹnu ọ̀nà ilé yín: ẹ ní láti ti dé pápákọ̀ ní bíi wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú, ẹ ó fò, ẹ ó dúró de ẹrù, bó bá wá jẹ́ Ajah lẹ ń lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dúró dè yín. Aago tí ẹ jèrè kò pọ̀ mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ Ìkẹjà tàbí Ọgbà ni, ẹ wọ báàlù bí owó bá wà.

Àbújá ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gba Jẹ́bbà, Mókwà àti Bídà o, ẹ gba Kàbbà àti Lọ́kọ́ja o, ó súnmọ́ kìlómítà 500, ọjọ́ kan gbáko ló ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ààbò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀mí ò ní ààrọ̀. Ẹ ṣáà má rin òru lójú ọ̀nà yẹn. Lóòótọ́, pápákọ̀ Àbújá náà jìnnà sí ìgboro, ṣùgbọ́n kò lè gba ohun tí ẹ ti jèrè lọ́wọ́ yín.

Ní ìgbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, ẹ kíyè sára. Eruku máa ń bo ojú ọ̀run títí awakọ̀ òfurufú kò fi ní rí ojú pápá dáadáa, ni wọ́n bá sún ìrìn-àjò síwájú tàbí kí wọ́n fagi lé e. Báàlù tó ń ti Ìlọrin gbéra lójúmọ́ ò pọ̀ bíi ti Èkó, torí náà ó lè di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ìdánwò iṣẹ́ tàbí físà lẹ ń lọ ṣe, ẹ ra ti ọjọ́ tó ṣáájú.

Àwọn ará Òmù-Àrán, ẹ̀yin lẹ ń padà sẹ́yìn: Àbújá wà níhà ìlà-oòrùn yín, pápákọ̀ wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Síbẹ̀, báàlù náà ni mo máa ní kí ẹ wọ̀. Bó bá jẹ́ ti òwúrọ̀, ẹ wá sùn sí Ìlọrin lálẹ́ àná rẹ̀, kí ẹ sì fi owó ibi tí ẹ máa sùn kún iye tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi wé owó mọ́tò.