Kámẹ́rà fídíò fún omi òkun: ara rẹ̀ lásán ni, àbí nínú àpótí?

Bí ẹ bá fẹ́ ra kámẹ́rà tí ẹ ó máa gbé wọ òkun, iye mítà tó lè wọ̀ dé nísàlẹ̀ omi, tí wọ́n kọ sára páálí, ni ojú yín á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. GoPro HERO12 ń dé mítà 10 láìsí àpótí (ìyẹn ike onígíláàsì tí wọ́n ń ti kámẹ́rà mọ́ kí omi má bàa kàn án), OM System TG-7 ń dé 15, DJI Osmo Action 4 sì ń dé 18. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ti iyọ̀. Lítà omi òkun kan ń gbé iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Bí ẹ bá jáde tí oòrùn sì pa kámẹ́rà, omi á lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Ibi tí iyọ̀ yẹn máa gbẹ mọ́ ni mo fi ń yan kámẹ́rà.

Èyí tí kò ní àpótí, ara rẹ̀ gan-an ni iyọ̀ ń gbẹ mọ́: lójú lẹ́ńsì, nídìí bọ́tìnnì, nínú ihò tó ń gbohùn. Àmọ́ ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ wò, ẹ ó rí rọ́bà tín-ínrín tó yí etí rẹ̀ ká. Rọ́bà yẹn nìkan ló dúró láàárín òkun àti bátìrì. Fọ́nrán irun kan tàbí hóró iyanrìn kan tó bá dùbúlẹ̀ lé e, omi ti rí ọ̀nà nìyẹn. Bí èyí tí mo kọ́kọ́ ní ṣe kú nìyí: ọwọ́ mi ṣì tutù nígbà tí mo ṣí i létí òkun láti pààrọ̀ bátìrì. Lọ́jọ́ kẹta, irin tí bátìrì ń fara kàn ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé, kò sì tàn mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Àpótí ló ń jẹ ìyà yẹn dípò kámẹ́rà. Ti GoPro àti ti DJI ń dé mítà 60. Ike àti gíláàsì àpótí ni iyọ̀ ń bá jà. Bí wọ́n bá ha, àpótí lẹ ó pààrọ̀. Bí ilẹ̀kùn kámẹ́rà bá sì wà ní títì nínú rẹ̀, omi gbọ́dọ̀ la ilẹ̀kùn méjì kọjá kó tó débi bátìrì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ohùn á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn èyí, ooru kámẹ́rà àti òtútù òkun á pàdé, ìrì á sì bo gíláàsì látinú. Inú yàrá gbígbẹ ni kí ẹ ti máa tì í, kí ẹ fi ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu sí i.

Bí ohun wẹ́wẹ́ inú òkun ló ń wù yín, TG-7 ni kí ẹ rà. Ó lè ya ohun tó fi sẹ̀ǹtímítà kan péré jìnnà sí lẹ́ńsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ẹ máa yẹ méjèèjì wò.

Fóònù tó ní IP68, àmì pé omi kì í tètè wọnú rẹ̀, ńkọ́? Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ má gbé e wọ òkun.

Ẹni tó ń wẹ̀ lórí omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì fẹ́ gbọ́ ohùn, kó ra aláìlápòótí, kó so ohun tó lè léfòó mọ́ ọn, torí kámẹ́rà kékeré máa ń rì. Ẹni tó ń wọ òkun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń mòòkùn, àpótí ni kó rà. Mi ò ní gbà á nímọ̀ràn míì.

Èyí ó wù kí ẹ rà, ẹ má jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ rì í sínú omi tí kò níyọ̀, kó má gbóná, kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú omi kí iyọ̀ abẹ́ rẹ̀ lè yọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọn ò bá tà á, ẹ wo òmíràn.