Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Òdòdó Inú Ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Wo Abẹ́ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ra òdòdó eléwé sínú ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, nítorí pé òǹtajà kan wà láàrin wa báyìí tí ó ń ta ewé tí kò ní gbòǹgbò fún àwọn ènìyàn bí ẹni pé odidi òdòdó ni. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí WhatsApp ni ó ti ń fi àwòrán han àwọn oníbàárà, á gba owó sí àkáǹtì, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọjà fún ọlọ́kadà. Àwọn tí ó ń bá dòwò jùlọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gba yàrá ní Under G lẹ́bàá LAUTECH, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọ́fíìsì wọn ní ewé tútù díẹ̀, àti àwọn ìyá tí wọ́n fẹ́ kí pálọ̀ wọn lẹ́wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí orúkọ tí ó ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ kì í pẹ́ yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ náà sì ń yí. Ọ̀nà tí ó ń gbà lu jìbìtì ni kò yí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa.

Èmi fúnra mi ń gbin òdòdó, mo sì máa ń bá àwọn ará àdúgbò pààrọ̀ ilẹ̀ inú ìkòkò wọn, ìdí sì nìyí tí àwọn tí wọ́n ra ọjà rẹ̀ fi ń gbé e wá bá mi nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nídìí. Irú méjì ni ó ń tà jùlọ: ọ̀já ìkookò, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí snake plant, àti èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ZZ. Bákan náà ni gbogbo ìkòkò tí wọ́n gbé wá rí. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni ó bo ojú ilẹ̀, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta náà pọ̀ mọ́ra kí ọwọ́ má baà lè kọjá sí ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí a bá fi ọ̀bẹ ṣí i kúrò, ewé ọ̀já ìkookò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a ó bá níbẹ̀, tí a gé nídìí, tí a sì fi rọ́bà dè pọ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé ìdí kan náà ni gbogbo wọn ti yọ. Ti ZZ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ọ̀pá ewé lásán ni ó gé lára ìyá rẹ̀, tí ó so mọ́ igi tín-ín-rín kan kí ó lè nàró. Kò sí gbòǹgbò kankan. 15,000 náírà ni ó gbà lórí ọ̀kan nínú wọn, lọ́wọ́ màmá àgbà kan tí ó kàn fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé báwo ni ewé tí a gé ṣe wà ní tútù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ẹni tí ó rà á kò fi fura. Ìṣẹ̀dá àwọn òdòdó náà gan-an ni gbájú-ẹ̀ yìí fi ń jẹun. Bí a bá já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láàárọ̀, yóò ti rọ kí oòrùn tó wọ̀, ṣùgbọ́n omi ni ìdá 91 nínú 100 ewé ZZ, ọ̀pá tí ó gbé ewé náà dúró sì ní tó ìdá 95, ewé rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè wà láàyè fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ọ̀já ìkookò náà nípọn, ó sì ń fi omi pamọ́ sínú ara rẹ̀. Nítorí náà, àsìkò tí ewé yóò fi fi hàn pé òun ti kú, owó ti jìnnà, nọ́ńbà tí a sì fi bá òǹtajà sọ̀rọ̀ kò lọ mọ́.

Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó ń fún àwọn oníbàárà ni mo kà sí apá tí ó burú jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń sọ fún wọn pé, “Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, mà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òkúta orí rẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé.” Ẹni tí ó bá mọ òdòdó méjèèjì yìí mọ̀ pé kò sí ohun tí ó tètè ń pa wọ́n bí omi àpọ̀jù. Ewé tí a gé, tí a rì sínú ilẹ̀ tí ó ń ṣomi lójoojúmọ́, jíjẹrà ni yóò jẹrà, nígbà tí oníbàárà bá sì pè é láti ṣàròyé, yóò ní, “Ẹ̀yin ni ẹ bomi sí i jù, màmá.” Ẹni tí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti ní kí ó ṣe yóò gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, ẹlòmíràn á tilẹ̀ tún ra òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun kò yẹ ohun ọ̀gbìn, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n tà fún un kò ní gbòǹgbò kankan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí dùn mí ju owó tí ó pàdánù lọ.

Kí ẹ lè dá irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí a ti ń tọ́jú wọn. Ilẹ̀ inú ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ délẹ̀ kí a tó tún bomi rin ín, èyí tí ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí ó sì lè tó oṣù kan bí yàrá bá ṣókùnkùn díẹ̀. Ní àsìkò òjò tiwa níhìn-ín, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́rinrin, ilẹ̀ kì í tètè gbẹ, nítorí náà ẹ túbọ̀ fa ọwọ́ omi sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ìka yẹ ilẹ̀ wò, kí ẹ má ṣe fi kàlẹ́ńdà ṣe é. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀ (ti òǹtajà yìí kì í ní), kí ilẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ dúdú tí a po yanrìn mọ́ kí omi lè máa jò lọ. Ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń dé, ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní jó o. Òdòdó tí a lè gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó má sì bínú ni, nítorí náà ẹni tí ó bá ní kí ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, yálà kò mọ ohun tí ó ń tà, tàbí ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́.

Ọgbọ́n mìíràn tí ó ń ta ni ti ọ̀já ìkookò tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó ń gé ewé rẹ̀ kan, á tà á, á sì ṣèlérí pé àwọn ọmọ tí yóò yọ yóò ní etí bẹ́ẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Bí ewé náà bá tilẹ̀ ta gbòǹgbò nígbà tí ó bá yá, aláwọ̀ ewé lásán ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́, nítorí pé àwọ̀ etí náà kì í tẹ̀lé ewé tí a gé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń pa á mọ́ ni kí a pín ìdí rẹ̀, kí a yọ ọmọ tòun ti gbòǹgbò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó tún ń ta ZZ dúdú ní owó tí ó ju ti tútù lọ fíìfíì. ZZ dúdú wà lóòótọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Raven, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewéko tútù ni ọ̀pá tuntun rẹ̀ máa ń mú wá, kí ó tó di dúdú díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Èyí tí òun ń tà, ọ̀dà ni ó fi kùn ún. Ẹ fi èékánná ha ìdí ewé, ibi tí ewé ti so mọ́ ọ̀pá, nítorí ọ̀dà kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Tàbí kí ẹ fi òwú tí ẹ ti rẹ sínú sípíríìtì nu ewé kan péré, kí ẹ wo ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ òwú. Yàtọ̀ sí irọ́ inú rẹ̀, ọ̀dà ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewé, ó sì ń dí ojú ihò tí ewé fi ń mí, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó kò lè pẹ́ láyé bẹ́ẹ̀.

Ó tún ń parọ́ fún àwọn oníbàárà pé òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti wọ bàálù wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìlú ìbí snake plant, láti Nàìjíríà wa yìí títí dé Kóńgò. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ti ZZ, láti Kẹ́ńyà lọ sí Gúúsù Áfíríkà, àwọn ará Netherlands sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu fún títà ní 1996. Ó tún máa ń pe snake plant kan náà ní Sansevieria, orúkọ àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ fún un, fún ẹnì kan àti Dracaena, orúkọ rẹ̀ tuntun, fún ẹlòmíràn, á sì bu owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé wọn.

Èyí tí ó léwu ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ nípa ìlera. Ó ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé ìkòkò kan tó láti fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́, àti pé ọmọdé lè fi ewé rẹ̀ ṣeré. Ìwádìí kan tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ṣe ní 1989 ni ó sábà máa ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n inú àpótí tí wọ́n dé pinpin ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, kì í ṣe nínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tún gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ní 2019 rí i pé yóò gba òdòdó 10 sí 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó lè ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé láti ìta ń ṣe. Ẹ ṣí fèrèsé yín. Ní ti ọmọdé, ewé ZZ ní èròjà calcium oxalate tí ó ń ta ẹnu àti ọ̀fun, snake plant sì ní saponin tí ó lè mú kí ènìyàn bì. Ẹ gbé méjèèjì jìnnà sí ọmọ tí ń rákò àti sí ewúrẹ́.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ rí òdòdó náà lójú. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ rọra gbé e sókè: èyí tí ó ní gbòǹgbò yóò gbé ilẹ̀ dání, èyí tí a kàn rì mọ́lẹ̀ yóò yọ sí yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ZZ tí ó ti dàgbà, ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò rọ́bà rẹ̀, nítorí iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ a máa le, a tilẹ̀ máa ti ìkòkò síta. Àwọn olódodo tí wọ́n ní ọgbà òdòdó lẹ́bàá títì kò ní bínú sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Èmi kò tíì rí ẹyọ kan nínú wọn tí ó bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má tíì dà á nù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi yẹn lónìí, ẹ gé ibi tí ó ti rà sọnù títí ẹ ó fi kan ibi tí ó le, kí ẹ gbé e sí ibòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ oníyanrìn, kí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ewé tí a bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kì í ta gbòǹgbò. Omi díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un. Yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, pàápàá ZZ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ṣì lè yè.

Ní ti owó yín, ẹ lọ bá báǹkì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ti fura, ẹ má dúró dìgbà tí òǹtajà bá gbé fóònù. Ẹ pa ìwé ẹ̀rí ìsanwó, àwòrán tí ó fi ránṣẹ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ mọ́, kí ẹ ya àwòrán ìdí tí kò ní gbòǹgbò náà pẹ̀lú, nítorí òun ni ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ. Ẹ lè kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà. Bí ọjà yín bá ṣì wà lọ́nà, tí ẹ kò sì tíì san owó tán, ẹ ní kí ọlọ́kadà dúró kí ẹ ṣí òkúta orí rẹ̀ lójú rẹ̀, bí gọ́ọ̀mù bá sì wà níbẹ̀, ẹ dá a padà.