LilyPond, MuseScore, Sibelius tàbí Dorico: èwo ló yẹ olùdarí akọrin tí ó fẹ́ kí ojú ìwé orin rẹ̀ gún régé?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà fún títẹ orin sórí ìlà márùn-ún sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè bí ohùn dùùrù inú rẹ̀ ti dùn tó. Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: nígbà tí ọ̀rọ̀ orin bá kọlu nóòtù, tàbí tí ìlà kan fún pọ̀ tí èkejì sì ṣófo, báwo ni a ó ṣe tún un tò, ṣé àtúntò náà yóò sì dúró bí a bá fi báà kan (ìpín kékeré kan nínú orin) kún orin náà lọ́la?

Orin Yorùbá tètè máa ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo orin ìsìn olóhùn mẹ́rin tí ẹsẹ mẹ́rin wà lábẹ́ nóòtù kan náà: àmì abẹ́ “lọ́” ní ẹsẹ kìíní lè sọ̀ kalẹ̀ sórí àmì ohùn “gbé” ní ẹsẹ kejì, tí akọrin kò fi ní mọ èyí tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, àmì náà yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó dá ètò kankan lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ fi Charis SIL tàbí Gentium kọ ọ̀rọ̀ orin yín. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ọ̀fẹ́ ni MuseScore náà. Ẹ lè fi máòsì fa ohunkóhun síbi tí ẹ fẹ́, Ctrl+R yóò sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ fa ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: ẹ lọ sí Style, kí ẹ ṣètò àlàfo àárín àwọn ẹsẹ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo orin yóò sì tẹ̀ lé e.

LilyPond, tí Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands ní 1996, kò ní ohun tí à ń fà rárá. Kíkọ ni gbogbo rẹ̀. Bí ìlà títẹ̀ tí ó so nóòtù pọ̀ bá gun ọ̀rọ̀ orin, ẹ ó kọ \shape, ẹ ó sì fi nọ́ńbà sọ bí ojú àmì mẹ́rin tí ó gbé ìlà náà dúró yóò ṣe ṣí kúrò. Ó ń gba sùúrù, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ nóòtù ni àṣẹ náà wà, ibi tí nóòtù bá ṣí lọ ló ń bá a lọ. Fáìlì ìtò kan ṣoṣo sì lè ṣiṣẹ́ fún odindi ìwé orin, títí kan gíga ìlà márùn-ún: bí ẹ bá kọ 20, ó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 7, 16 sì jẹ́ bíi 5.6.

Owó ni a fi ń ra Sibelius àti Dorico Pro. Láti 2009 ni Sibelius ti ní Magnetic Layout, tí ń ta àwọn ohun tí ó bá fẹ́ kọlu ara wọn sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí Sibelius ní Lọ́ńdọ̀nù ló lọ kọ́ Dorico fún Steinberg ti Jámánì, ó sì jáde ní 2016. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni Engrave, apá tí a ti ń to ojú ìwé: níbẹ̀, ojú ìwé nìkan ni ọwọ́ yín ń kàn, ẹ kò ní ṣèèṣì ba orin jẹ́. Pro nìkan ló ní gbogbo rẹ̀, nítorí náà kí ẹdínwó àwọn ìpele kékeré má tàn yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta Finale, ètò ìtẹ orin mìíràn, fún yín, ẹ má rà á. Àwọn tó ni ín kéde ní oṣù Kẹjọ 2024 pé àwọn kò ní tún un ṣe mọ́. MusicXML lè kó nóòtù àti ọ̀rọ̀ orin lọ sínú ètò mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àtúntò tí a fọwọ́ ṣe kì í bá a dé ibẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ akọrin tí ń tẹ orin díẹ̀díẹ̀, MuseScore tó. Fún odindi ìwé orin ìsìn, LilyPond ni mo yàn. Fún orin ọ̀pọ̀ ohun èlò, Dorico Pro. Sibelius yẹ ẹni tí àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ń lò ó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀dà ìdánwò, ẹ tẹ orin kan sórí ìwé A4, ẹ gbé e sórí dùùrù, kí ẹ sì jókòó níwájú rẹ̀ wò bóyá ẹ lè ka ẹsẹ kẹrin láìtẹ̀ síwájú.