Ta ni yóò máa wo ológbò yín bí ẹ bá lọ sílé ní Kérésìmesì?

Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ ó lò nílé. Ológbò ńkọ́? Fún àwa tí à ń gbé ní England, ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní cattery, kí ẹ sanwó fún olùtọ́jú tí yóò máa wá bá a nílé, tàbí kí ẹ fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti aládùúgbò ni kò náni lówó, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà. Ológbò méjì ni mo ní. Ojoojúmọ́ ni aládùúgbò mi ń bu oúnjẹ, tó ń ya fọ́tò abọ́ tó ti ṣófo ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àṣé ọ̀kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ni mo ti fa èkejì jáde. Mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn, eegun ni mò ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ẹranko là á yé mi pé bí ológbò kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ẹ̀dọ̀, ìyẹn sì lè pa á. Aládùúgbò mi kò jẹ̀bi, mi ò sọ fún un pé kó máa fojú rí àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà, ojú tí yóò máa wò wọ́n ni mò ń sanwó fún. Ta ni kò lè bu oúnjẹ?

Ní ti cattery, òfin England ti ọdún 2018 sọ pé ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ 1 sí 5. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tí kò bá béèrè, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ológbò yín kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ rí, méjì ni yóò gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, ẹ má dúró di oṣù Kejìlá. Ẹ wo yàrá: pẹpẹ tó lè gùn, ibi tó lè sá pamọ́ sí, ògiri tó dí, kí ológbò ẹlòmíràn má bàa sín lù ú.

Ológbò kì í fẹ́ kúrò níbi tí òórùn ara rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú tó ń wá sílé fi dára fún èyí tó bá lójo. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kàn án, kò sí ìràwọ̀ tí ẹ ó wò. Ẹ béèrè ìwé ìbánigbófò, ẹ pe oníbàárà rẹ̀ méjì, kó sì wá kí ológbò kí ẹ tó lọ. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tó dúró kí ológbò wá bá òun, mo gbà á ju ẹni tó kàn nawọ́ gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kó máa wá, pàápàá bí ológbò yín bá jẹ́ akọ: bó bá ń wọ àwo iyanrìn rẹ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, olùtọ́jú ni mo máa yàn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, cattery oníràwọ̀ 4 tàbí 5, àfi bí ológbò bá ti darúgbó tàbí tó lójo. Ẹni tí yóò sùn sílé ni kí ẹ wá fún irú ẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ̀wé sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko yín: orúkọ ẹni tó lè gbé ológbò wá, àti iye owó tí ẹ gbà kí wọ́n ná láìkọ́kọ́ pè yín.