Àtẹ ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n ń tà ní ọjà Wuse: ẹ lẹ bébà mọ́ ọn kí ẹ tó fi kọ́ni

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìwé Dáníẹ́lì àti Ìfihàn ni wọ́n ṣe àtẹ ògiri yìí fún. Ó fẹ̀ dáadáa, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi débi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn yàrá á rí i kà. Tí ọyẹ́ Abuja bá dé, etí ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó á máa ká sókè, nítorí náà ẹ kan igi tín-ín-rín mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọ́. Ìtẹ̀wé rẹ̀ dára. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Ìlà kan ṣoṣo ló là á já, láti ìgbà Dáníẹ́lì títí dé ọ̀run tuntun. Kò yà síbì kan, kò sì sí "bóyá" kankan lórí rẹ̀.

Ẹ wo Dáníẹ́lì 9:24-27. Bíbélì wa pè é ní àádọ́rin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n "méje-méje" ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà ń sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi kà á sí 490 ọdún. Àtẹ yìí bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti 445 ṣáájú Kristi, nígbà tí ọba yọ̀ǹda Nehemáyà láti lọ tún Jerúsálẹ́mù kọ́. Ẹsẹ 25 ka ọ̀sẹ̀ 69 títí dé Mèsáyà, 69 lọ́nà méje sì jẹ́ 483. Tí ẹ bá fi ọdún oòrùn kà á, tí ẹ sì rántí pé kò sí ọdún òdo, 39 lẹ́yìn Kristi lẹ ó bá ara yín, bẹ́ẹ̀ Pílátù, tó ní kí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, ti kúrò ní Jùdíà láti 36. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo ọdún ọlọ́jọ́ 360, kí ó lè bọ́ sí 32. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti 457, ọdún keje Atasásítà nínú Ẹ́sírà 7, ọdún oòrùn lásán sì gbé wọn dé 27. Ọ̀nà méjèèjì ní ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n gbé e kà. Dáníẹ́lì ò kọ ọdún kankan níbẹ̀, àtẹ náà sì ń fi 32 hàn bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. A ò gbọ́dọ̀ fi irú èyí kọ́ ọmọ ìjọ.

1 Tẹsalóníkà 4:17 sọ pé a ó pàdé Olúwa ní ojú sánmà. Kò sọ pé ṣáájú ìpọ́njú ńlá ni. Àtẹ ló fi ìyẹn kún un.

Igun ìsàlẹ̀ ló burú jù. Àpótí kan wà níbẹ̀ tó ní ká ṣírò ìran èèyàn kan láti 1948, ọdún tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀, ká lè mọ ìgbà tí Jésù máa padà wá. Àwọn tó ka ìran sí 40 ọdún dúró de 1988. Nígbà tó kọjá, àwọn kan fà á dé 70 látinú Sáàmù 90:10, ìyẹn 2018, ó tún kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníwàásù William Miller àtàwọn èèyàn rẹ̀ dúró de 22 October 1844 ní Amẹ́ríkà. Nínú orí kan náà tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ "ìran" yẹn, Mátíù 24, Jésù sọ ní ẹsẹ 36 pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà. Mo rọ̀ yín gidigidi, ẹ bo àpótí yẹn pátápátá.

Pẹ́ńsù kì í mú lórí ọ̀rá. Ẹ gé bébà funfun, kí ẹ fi sélótéèpù lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹsẹ Bíbélì sọ sókè, ohun tí a rò pé ó túmọ̀ sí sísàlẹ̀. Ẹ fi Dáníẹ́lì 12:8 sórí òkè pátápátá, níbi tí wòlíì náà ti jẹ́wọ́ pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò yé òun.

Kíláàsì àgbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá ṣe tán láti ṣe gbogbo èyí lè rà á. Fún kíláàsì ọmọdé, ẹ má tíì gbé e kọ́.